Ẹrẹ̀ ẹnu ọ̀nà lè gbé àgbàlagbà ṣubú: Bí ẹ ṣe lè ní kí wẹ́dà bá yín ṣe ìnusẹ̀ onírin tó máa tọ́jọ́

Ẹ̀yin tí títì ọlọ́dà dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ máa dúpẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwa yòókù ni kì í rí ilẹ̀ gbígbẹ gbẹ́sẹ̀ lé tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ládùúgbò tí mò ń gbé n'Ìbàdàn, ilẹ̀ pupa tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà bí àtè ni a ní. Ọmọ tó wọ bàtà dúdú lọ síléèwé láàárọ̀, bàtà pupa ló máa wọ̀ bọ̀ wálé lọ́sàn-án. Ibi tí gbogbo ẹrẹ̀ yẹn ń parí sí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, torí ó kan ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré nílé, ó sì kan ẹ̀yin àgbàlagbà wa jù wọ́n lọ.

Nínú oṣù Keje ọdún 2022, ìyá tó bí mi lọ́mọ wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n nígbà náà. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ṣùgbọ́n ara wọn le, ẹnu wọn sì mú. Àkísà la tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà wa, ìyẹn ògbólógbòó súwẹ́tà ọmọ mi kan tí mo ká sí méjì, bó ṣe wà nílé ọ̀pọ̀ yín. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ wọlé, gbogbo wọn nu ẹsẹ̀ sí àkísà yẹn títí tó fi rin gbindin. Nígbà tí Màmá ń jáde bọ̀ láti lọ jókòó sí bàrándà, wọ́n ti ọ̀pá wọn bọlẹ̀ sórí àkísà náà, àkísà yọ̀ lórí táìsì, mo kàn gbọ́ gbìì ni. Kí n tó sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, ilẹ̀ ni mo bá wọn. Ọrùn ọwọ́ wọn ló dá.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò sì lè ka iye àgbàlagbà tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa nítorí irú nǹkan báyìí. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ tó bá jẹ́ pé àkísà tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ ló gbé ìyá ẹ̀ ṣubú. Ojú tì mí.

Ọwọ́ náà jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tí kò tètè jinná ni ìbẹ̀rù. Màmá kò jáde sí bàrándà mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń jẹun, orí bẹ́ẹ̀dì náà ni wọ́n ti ń gbàdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú àgbàlagbà, ẹ má fojú kékeré wo irú ìbẹ̀rù yìí. Àgbàlagbà tí kò bá rìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, nígbà tó bá sì fẹ́ dìde lẹ́yìn náà, ó tún máa rọrùn fún un láti ṣubú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èèyàn bíi 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nínú gbogbo jàǹbá tí èèyàn kò mọ̀ọ́mọ̀ fà, jàǹbá ọkọ̀ nìkan ló ń pa èèyàn ju ìṣubú lọ.

Mo dúpẹ́ pé ọrùn ọwọ́ ni ti Màmá. Tó bá jẹ́ ìgbáròkó ni, ọ̀rọ̀ á le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà kí n tó lọ jìnnà: tí àgbàlagbà bá ṣubú nílé yín, ẹ má sáré fà á dìde. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ibo ló ń dùn ún. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Tí ọ̀kan bá dà bí ẹni pé ó kúrú ju èkejì lọ, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀hún sì kọjú síta, ó ṣeé ṣe kí ìgbáròkó ti dá. Ẹ má fi òróró wọ́ ọ, ẹ má nà án. Ẹ wá ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ tẹ́ ẹ máa fi gbé e, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè ya fọ́tò egungun.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, tiyín náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ń yàgbẹ́ sí, tàbí tí omi ṣaláńgá ń ṣàn gbà kọjá nígbà òjò, ẹyin aràn máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹyin aràn gbọọrọ, èyí tó máa ń bá ìgbẹ́ ọmọ jáde bí ekòló, lè wà nínú erùpẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kódà fún ọdún mélòó kan, kó má kú. Ẹrẹ̀ tó bá ti ìsàlẹ̀ bàtà wọlé, á gbẹ, á di eruku, ọmọ tó ń rákò á fọwọ́ kàn án, ọwọ́ á sì bọ́ sẹ́nu. Iye èèyàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó ní àwọn aràn inú ilẹ̀ yìí lára tó bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Èyí tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú wọn, awọ ẹsẹ̀ ló ń gbà wọlé ní tirẹ̀, nígbà tí ọmọ bá fẹsẹ̀ lásán rìn nínú ẹrẹ̀. Ìnusẹ̀ kò lè dá ìyẹn dúró, bàtà ló ń dá a dúró. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé tí òun bá ti gbé irin sẹ́nu ọ̀nà, òun ti bọ́ lọ́wọ́ aràn. Oògùn aràn tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ yín ṣì wà láyè rẹ̀, ọṣẹ àti omi náà sì wà láyè tiwọn.

Ọ̀rọ̀ kí á nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ kì í ṣe tuntun. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi kì í ti oko dé kí wọ́n wọlé tààrà. Wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ àdá ha ẹrẹ̀ kúrò, wọ́n á sì ṣan ẹsẹ̀. Nílé àwọn ẹlòmíì, ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n máa ń dojú rẹ̀ sókè tí wọ́n á kàn án mọ́ pátákó, kí àlejò lè ha bàtà sórí ẹ̀. Ó máa ń ha bàtà dáadáa, kò sírọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdérí á dípẹtà, etí rẹ̀ á mú bí abẹ, pátákó á jẹrà, kó tó di ọdún méjì wọ́n á ti sọ ọ́ sí ààtàn. Kódà n'ílùú London, ẹni tó bá wo ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn àwọn ilé àtijọ́ níbẹ̀ á rí irin kékeré tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Bàtà ni wọ́n ń ha níbẹ̀ láyé ìgbà tí ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́ káàkiri ìgboro, tí ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹṣin sì kún títì. Ilé ti dàgbà, irin náà ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní irin ni màá lò.

Mo bá lọ bá wẹ́dà kan. Mo ní kó bá mi ṣe ìnusẹ̀ onírin, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní fúùtù máàtì. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, mo mọ̀ ọ́n ṣe." Mi ò fún un ní ìwọ̀n kankan, ẹ̀bi tèmi sì nìyẹn. Ohun tó gbé wá rẹwà bíi géètì olówó. Irin tó ń dán ló fi ṣe é, ó fi àlàfo bí ínṣì méjì sáàárín wọn, ó sì rọ ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i lábẹ́ tó fi ga nílẹ̀. A gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo rọ Màmá títí tí wọ́n fi gbà láti jáde wò ó. Wọ́n ti ọ̀pá bọlẹ̀, ọ̀pá gba àlàfo yẹn wọlẹ̀ lọ, ara wọn sì tẹ̀ síwájú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ̀yìn wọn ni mo wà, tí mo gbá wọn mú.

Màmá wò mí, wọ́n ní, "Bọ́láńlé, ṣé o fẹ́ kí n kú sílé rẹ ni? Jẹ́ kí n máa lọ sílé mi jàre."

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo jókòó ti ìwé àti bírò. Ohun tí mo wá rí ni pé irin tó máa tọ́jọ́ rọrùn láti ṣe, irin tó máa tọ́jọ́ tí kò sì ní ṣe àgbàlagbà àti ọmọdé ní jàǹbá ló gba ìrònú. Lọ́jọ́ kejì mo padà sọ́dọ̀ wẹ́dà yẹn kan náà, torí ọmọ dáadáa ni, a sì jọ ṣe é.

Àlàfo ni a kọ́kọ́ yanjú. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1990 láti fi dáàbò bo àwọn abirùn, ni pé ihò tó bá wà lára irin tí èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ìdajì ínṣì lọ, ìyẹn mìlímítà 13. Tí ihò náà bá sì gùn, ó gbọ́dọ̀ dábùú ọ̀nà tí èèyàn ń gbà, kò gbọ́dọ̀ bá ọ̀nà lọ. Tẹ́ ẹ bá rò ó, ẹ máa rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Orí ọ̀pá Màmá kò lè wọ ìdajì ínṣì, ẹsẹ̀ ọmọ ọdún kan kò lè wọ̀ ọ́, gìgísẹ̀ bàtà obìnrin pàápàá, àfi èyí tó bá rí tínínrín. Tí irin bá sì dábùú ọ̀nà, bí èèyàn ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ni etí irin á máa ha ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ bàtà rẹ̀. Tó bá bá ọ̀nà lọ, ńṣe ni bàtà á kàn máa yọ̀ lórí ẹ̀.

Irin tí a lò ni rọ́ọ̀dù 12 mm tí wọ́n fi ń da dẹ́kì, èyí tó ní ìlà wúruwùru lára. Mo kọ èyí tó ń dán, nítorí tí omi bá wà lórí ẹ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Ìlà ara rọ́ọ̀dù yẹn máa ń di ẹsẹ̀ mú, ó sì ń bá wa ha bàtà. Ohun mìíràn tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé kò sí wàhálà ìwọ̀n. Ẹ ní kí wẹ́dà mú àjákù rọ́ọ̀dù 12 mm kan náà, kó máa kì í sáàárín rọ́ọ̀dù méjì kó tó jó wọn pọ̀, kó wá yọ ọ́. Àlàfo tó bá kù sílẹ̀ ò ní ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni mo fi fẹ̀ ẹ́, torí ìwọ̀n ilẹ̀kùn wa nìyẹn, mo sì fi ẹsẹ̀ bàtà méjì gùn ún látìta wọlé, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì lè kàn án kí èèyàn tó wọlé. Ṣùgbọ́n irin tó fẹ̀ tó yẹn wúwo, ẹni tí kò bá sì lè gbé e kò ní gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀ láéláé. A bá pín in sí méjì. Ìdajì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45 ní 60, rọ́ọ̀dù bíi 24 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá rọ́ọ̀dù kan tó bá pé mítà 12 tó ìdajì kan, á tún ṣẹ́ kù díẹ̀. Irin áńgù ni ó fi ṣe férémù rẹ̀ yíká. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní SS2 máa ń dá ìdajì kan gbé láìsí ìyọnu.

Ẹ dúró ti wẹ́dà nígbà tó bá ń jó o, ṣùgbọ́n ẹ má wo iná náà. Ẹ rí i pé ó jó orí rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yíká dáadáa, kì í ṣe kó kàn fi iná tọ́ ọ lójú kan ṣoṣo. Ojúkò kan ṣoṣo yẹn ló máa ń já lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, rọ́ọ̀dù tó bá sì já á gbérí sókè bí ìkọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin lọ gbogbo ibi tó bá mú. Mo fi àkísà nu ojú tèmi látòkè délẹ̀. Ibi tí àkísà bá ti há, ibẹ̀ la tún lọ. Wẹ́dà fẹ́ fi irin pẹlẹbẹ kan dúró lóòró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí ẹrẹ̀ bàtà wọn bá pọ̀ jù, bíi ti àwọn aráa London yẹn. Mo kọ̀. Ilé tí ọmọdé ti ń sáré kiri, irin lóòró lẹ́bàá ilẹ̀ kò bá mi lára mu.

Ní ti ìpẹtà, kó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, kó kun ún ní ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kun irin lẹ́ẹ̀mejì, kó tó fi ọ̀dà olóròóró lé e. Ọ̀dà orí rẹ̀ á pá láìpẹ́ torí ẹsẹ̀, ẹ má bínú sí i, ti abẹ́ àti ti ojú ibi tí wọ́n jó ló ṣe pàtàkì. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lo páìpù tàbí irin tí wọ́n ti rì bọ inú síǹkì. Ó dára, ó sì máa ń pẹ́, àmọ́ iná tí wọ́n fi jó o máa ń jó síǹkì yẹn dànù lójú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà dí ibẹ̀. Èéfín síǹkì yẹn sì máa ń dá ibà sí wẹ́dà lára ní alẹ́ ọjọ́ tó bá fà á símú, nítorí náà ìta gbangba ni kó ti jó o.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìpẹtà ló ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, ìyẹn àìsàn tó máa ń mú kí àgbọ̀n èèyàn há. Ìpẹtà kọ́. Inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ojú egbò tó jìn ló sì ń gbà wọlé, ìbáà jẹ́ irin ló dá egbò náà, ìbáà jẹ́ ẹ̀gún. Ìnusẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀ tó sì ní etí mímú ti kó méjèèjì pọ̀ nìyẹn. Ẹ rí i pé ọmọ yín gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ò rántí ìgbà tẹ́ ẹ gbà á kẹ́yìn, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì nígbà tẹ́ ẹ bá lọ ọsibítù.

Irin náà kò gbọ́dọ̀ ga ju ilẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀ tó bá ń rìn, ìdajì ínṣì tó gbérí ti tó láti gbé e ṣubú. Bíríkìlà gbẹ́ kòtò ínṣì mẹ́rin fún wa lóde ilẹ̀kùn, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ó ṣe etí rẹ̀ kí irin lè jókòó síbẹ̀ kó sì bá ilẹ̀ dọ́gba. Ó mú kí ìsàlẹ̀ kòtò náà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ti páìpù kékeré bọ̀ ọ́ lọ sí gọ́tà. Ẹ má fo páìpù yìí. Omi tó bá dúró síbẹ̀, tanwíjí ló máa kún un, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì wọ́n á ti di ẹ̀fọn, ẹ ti wá fi ọwọ́ ara yín sin ẹ̀fọn sẹ́nu ọ̀nà. Omi tó dúró náà ló sì máa ń jẹ irin jù. Ẹ̀yin ayálégbé tí lánlọ́ọ̀dù kò gbà kẹ́ ẹ gbẹ́lẹ̀, ẹ gbé irin náà lé ilẹ̀ láìsí ẹsẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi sìmẹ́ńtì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yí i ká, kí ẹsẹ̀ lè gùn ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò dáa tó kòtò, ṣùgbọ́n ó sàn ju àkísà lọ.

Ohun tó mú kí Màmá padà jáde sí bàrándà ni òpó ìdìmú. Ẹni tó bá ń ha bàtà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló fi ń dúró. Ẹ wo ẹni ọdún 74 lórí ẹsẹ̀ kan! Páìpù ínṣì kan àti ààbọ̀ la rì mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìnusẹ̀, inú kọnkéré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, a kò jó o mọ́ ìnusẹ̀ fúnra rẹ̀ torí pé ìyẹn ṣeé gbé kúrò. Ní Amẹ́ríkà, ínṣì 34 sí 38 ni wọ́n fi ń ga irin ìdìmú láti ilẹ̀. A ní kí Màmá dúró, a fi ọwọ́ wọn wọ̀n ọ́n, ínṣì 34 ló bọ́ sí.

Nínú ilé, a tẹ́ ìnusẹ̀ onírọ́bà lábẹ́ sórí táìsì, fún omi tó bá kù lẹ́sẹ̀. Kò sí àkísà mọ́. Ẹ kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ lásán gun irin náà. Oòrùn máa ń mú kó gbóná, ara rọ́ọ̀dù yẹn sì le. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ ìrora mọ́, lè bó lábẹ́ ẹsẹ̀ kó má mọ̀ títí egbò á fi di ńlá.

Wẹ́dà ti bá àwọn aládùúgbò wa ṣe bíi mélòó kan láti ìgbà náà. Ó ṣì ń bá mi jiyàn. Ó ní àlàfo yẹn ti kéré jù, pé ẹrẹ̀ máa ń dí i. Kò parọ́, tí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó máa ń dí. A máa ń fi ọ̀bẹ tí kò mú mọ́ ha àárín rẹ̀, a ó da omi lé e. Àárọ̀ Sátidé ni tiwa: àwọn ọmọ á gbé ìdajì méjèèjì sókè, wọ́n á kó ẹrẹ̀ inú kòtò, wọ́n á wo páìpù bóyá ó dí. Màmá, tí wọn kò padà sílé wọn mọ́, á gbé àga sí bàrándà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á máa fi ọ̀pá tọ́ka sí ibi tí wọn kò fọ̀ dáadáa.